Licence to Kill: fíìmù Bond tí ayé rí fín, ṣé ó tó gbé síwájú àwọn ọmọ?

ỌmọÒkèFíà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Òṣogbo. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn odi náà, ẹ kú àjò. Ìmọ̀ràn ni mo wá tọrọ.

Àwa ọ̀rẹ́ tí a jọ ṣe girama máa ń péjọ nílé mi ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù. A ó jẹ, a ó mu, a ó wá wo fíìmù àtijọ́ kan, àwọn ọmọ wa á sì bá wa jókòó. Lóṣù yìí, èmi ni wọ́n ní kó yan fíìmù. Mo ní Licence to Kill ni, ti 1989, èyí tí Timothy Dalton ti ṣe James Bond. Ẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Wọ́n ní Bond tí kì í rẹ́rìn-ín nìyẹn, wọ́n ní fíìmù tó sọ Bond di aláìníṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà ni. Àkọ́bí mi tiẹ̀ ní lójú tòun, orí Daniel Craig ni Bond ti bẹ̀rẹ̀.

Mo fẹ́ràn fíìmù náà láti kékeré, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ ojú ọmọdé ni mo fi ń wò ó. Ẹ wí fún mi: ṣé ó dáa lóòótọ́? Ọmọ ọdún mélòó ló lè bá wa wò ó? Ṣé ká kọ́kọ́ wo The Living Daylights tó ṣáájú rẹ̀? Mo sì ní kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kan tó ti wà nínú àpótí láti ayé Abacha. Ṣé ó ṣì ṣe é fi sẹ́rọ?

Bàbá Fídíò

Àbúrò, má dá wọn lóhùn. Mo ń yá àwọn èèyàn ní kásẹ́ẹ̀tì lágbègbè Ọjà-Ọba kí sídì tó dé, mo sì mọ ohun tí àwọn oníbàárà ń sọ nípa fíìmù yẹn. Roger Moore ni Bond tí wọ́n mọ̀: yóò já bọ́ látorí òkè, kóòtù rẹ̀ ò ní rún, á dá àpárá kan, á mú obìnrin, ó tán. Dalton wá dé pẹ̀lú ojú líle. Ó ń làágùn, aṣọ rẹ̀ ń ya, ẹ̀jẹ̀ ń jáde lára rẹ̀. Wọ́n á dá kásẹ́ẹ̀tì padà, wọ́n á ní, "Àkítọ̀ yìí ń bínú jù."

Ìbínú náà gan-an ni fíìmù. Ẹ rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Felix Leiter, ọ̀rẹ́ Bond, ń gbéyàwó ní Key West ní Florida, Bond ni bẹ́sìmáànì. Wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ nígbà tí ìròyìn dé pé Franz Sanchez, ọ̀gá àwọn oníṣòwò kokéènì, ti yọjú. Wọ́n fò lọ mú un. Hẹlikópítà ni wọ́n fi lé bàálù kékeré tó fẹ́ fi sá, Bond sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú okùn, ó fi ìwọ̀ kọ́ bàálù náà nírù bí ẹni kọ́ ẹja, wọ́n wá fi páráṣúùtì balẹ̀ síwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Títí dé ibẹ̀, Bond àtẹ̀yìnwá ni.

Sanchez wá fi mílíọ̀nù méjì dọ́là ra ọ̀kan nínú àwọn agbófinró, ó bọ́. Wọ́n pa ìyàwó ọ̀ṣìngín lálẹ́ ọjọ́ ìgbéyàwó, wọ́n sì ju ọkọ sí ẹja ṣáàkì. Felix kò kú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sí i. Ọ̀gá Bond ní kó gbàgbé, kó máa lọ síbi tí wọ́n rán an ní Istanbul. Bond yarí. Wọ́n gba ìwé-àṣẹ rẹ̀, ó sá mọ́ wọn lọ́wọ́. Láti ibẹ̀ lọ, ìjọba kankan ò rán an níṣẹ́ mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, èwo ló ṣàjèjì sí Yorùbá níbẹ̀? Ọ̀rẹ́ ẹ ní kó o dúró ti òun lọ́jọ́ ayọ̀, wọ́n pa ìyàwó mọ́ ọn lọ́wọ́ kílẹ̀ tó mọ́, ọ̀gá rẹ wá ní kó o lọ wọ bàálù. Ta ló máa lọ?

Ní ti owó tí wọ́n ń pariwo: nǹkan bíi mílíọ̀nù 156 dọ́là ni fíìmù náà pa káàkiri ayé, nǹkan bíi mílíọ̀nù 32 ni wọ́n sì fi ṣe é. Òfò kọ́ nìyẹn. Amẹ́ríkà ló ti fìdí rẹmi, níbi tó ti pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 34. Oṣù Keje 1989 ni wọ́n gbé e jáde níbẹ̀, Batman sì ti wà ní sinimá, Indiana Jones ẹlẹ́ẹ̀kẹta wà níbẹ̀, Lethal Weapon kejì náà wà níbẹ̀. Àyè wo ló kù?

Ọdún mẹ́fà tí Bond fi jókòó sílé, ẹjọ́ ló fà á. Wọ́n ń ta MGM, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé fíìmù Bond jáde, wọ́n sì fẹ́ ta ẹ̀tọ́ àtigbé fíìmù Bond sórí tẹlifíṣọ̀n ní ẹ̀dínwó, àwọn tó ni Bond bá gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Kí gbogbo rẹ̀ tó rọlẹ̀, Dalton sọ ní 1994 pé òun ò ṣe mọ́, Pierce Brosnan gba ipò náà, GoldenEye jáde ní 1995. Ẹni tó bá tún sọ pé fíìmù yìí ló pa Bond, bi í pé ta ló kà á fún un.

ỌmọÌgbọ̀nà

Roger Moore ni Bond tèmi. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ, mo kàn ní kí n sọ ọ́ síbẹ̀ ni.

Ìyá Ìbejì

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dáhùn ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ, kí ìyá wọn má baà wá bá yín jà.

Ní Bírítéènì, àmì 15, ìyẹn ti ẹni tó ti pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ni àwọn tó ń yẹ fíìmù wò fún un, òun sì ni fíìmù Bond àkọ́kọ́ tó gba irú àmì yẹn. Wọ́n tiẹ̀ ti gé àwọn ibì kan kúrò kó tó rí bẹ́ẹ̀ o. Ní Amẹ́ríkà, PG-13 ni, ìyẹn ni pé kí òbí ṣọ́ra fún ọmọ tí kò tíì pé mẹ́tàlá. Ohun tí ẹ máa bá pàdé nìyí: Sanchez fi pàṣán na Lupe, obìnrin rẹ̀, níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ti ẹja ṣáàkì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ti ọkùnrin kan mọ́ inú yàrá tí wọ́n ń fún ní afẹ́fẹ́, wọ́n já afẹ́fẹ́ náà lójijì, orí ọkùnrin náà bẹ́. Òmíràn bọ́ sínú ẹ̀rọ tó ń lọ kokéènì. Ẹnì kan jóná lópin. Ọmọ tí kò bá tíì pé mẹ́tàlá, kó lọ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré níta. Pé àwa wò ó ní kékeré kò sọ ọ́ di ohun tó dáa, àwọn òbí wa ni kò mọ ohun tí à ń wò.

Àwọn ọmọbìnrin tó ti tó bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó dáadáa nítorí Pam Bouvier, èyí tí Carey Lowell ṣe. Awakọ̀ òfurufú ni, ó ti ṣiṣẹ́ ológun rí, ó bá CIA ṣiṣẹ́. Nílé ọtí ní Bimini, Bond fi ìbọn kékeré rẹ̀ hàn án. Tirẹ̀ tó fà yọ lábẹ́ tábìlì, ìbọn gígùn ni. Nígbà tí wọ́n dé ìlú Sanchez tí Bond ní kó ṣe bí akọ̀wé òun, ó bi í léèrè ìdí tí Bond fi lè má ṣe akọ̀wé tòun. Ní kékeré, ẹwà rẹ̀ nìkan ni mo rí. Mo tún un wò lágbà, mo wá rí i pé láìsí i, wọn ì bá ti sin Bond ní Bimini.

Lupe ni wọn ò ṣe dáadáa sí. Obìnrin tí wọ́n nà bí ẹni ń na ẹṣin, ó sun ọ̀dọ̀ Bond lálẹ́ kan, ilẹ̀ mọ́, ó ní ìfẹ́ rẹ̀ ń pa òun. Ìkọ̀wé ọ̀lẹ nìyẹn. Mo máa ń lọ bu omi mu nígbà tó bá kan ibẹ̀.

Àkítọ̀KìíKú

Ẹ̀gbọ́n Bàbá Fídíò, mo gbà fún yín lórí owó, mi ò gbà fún yín lórí fíìmù. The Living Daylights ló dáa jù nínú méjèèjì, òun ló sì yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò.

Ẹ wo Licence to Kill dáadáa. Nítorí àtidín ìnáwó kù ni wọ́n ṣe kó iṣẹ́ sitúdíò rẹ̀ lọ sí Mexico, sí sitúdíò Churubusco, wọn ò ya ibì kankan nínú rẹ̀ ní Bírítéènì, èyí tí Bond kò ṣe rí ṣáájú ìgbà náà. Ó sì hàn. Ilé tẹ́tẹ́, òtẹ́ẹ̀lì, ilé Sanchez, gbogbo rẹ̀ dà bí eré ọlọ́pàá Amẹ́ríkà tí wọ́n ń ṣe lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ọjọ́ nígbà yẹn. Àwọn agbófinró Hong Kong kan yọ láti ibi tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, wọ́n mú Bond, kí o tó mọ orúkọ wọn, wọ́n ti kú. Níparí, lẹ́yìn gbogbo ẹ̀jẹ̀ yẹn, ère ẹja kan ṣẹ́jú sí wa létí odò ìwẹ̀. Ṣẹ́jú! Fíìmù tó ní òun ń ṣọ̀fọ̀.

The Living Daylights ti 1987 ní Vienna, ó ní àpótí sẹ́lò tí wọ́n jókòó lé tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín kọjá bodè, ó ní ìjà àwọn méjì tó rọ̀ mọ́ àwọ̀n ẹrù lẹ́yìn bàálù lójú ọ̀run. Èèyàn gidi ni wọ́n so síbẹ̀, kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà. John Barry ló ṣe orin rẹ̀, òun sì ni Bond tó ṣe kẹ́yìn. Ó tún yọjú nínú fíìmù náà fúnra rẹ̀, òun ló ń darí ẹgbẹ́ olórin tí onísẹ́lò inú fíìmù náà bá ṣeré.

Ohun kan ṣoṣo tí mo gbà ni pé Bọ́ọ̀sì gidi, ìyẹn olórí ọ̀tá Bond, kò sí níbẹ̀. Ọ̀gágun Rọ́ṣíà aládùn-ún-sọ kan, pẹ̀lú oníṣòwò ohun ìjà kan tó ń fi ọmọlangidi ológun ṣeré nílé. Lórí ìyẹn, Sanchez jẹ wọ́n run.

Olùkọ́ Ìtàn

Ẹ jẹ́ kí n fi ojú ọdún tí wọ́n ṣe é wò ó fún yín, torí àwọn ọmọ á béèrè.

Ìlú Isthmus tí Sanchez ń gbé kò sí lórí máàpù, ṣùgbọ́n Panama ni ọkàn gbogbo ayé lọ. Nígbà tí fíìmù náà jáde, Noriega ló ń darí Panama, ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà sì ti fi ẹ̀sùn oògùn olóró kàn án. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1989 kan náà ni ọmọ ogun Amẹ́ríkà wọ ibẹ̀, ó sì jọ̀wọ́ ara rẹ̀ ní January 1990. Àwọn tó ní ìtàn fíìmù yìí kò jọ Bond, ẹ bá mi bi wọ́n bóyá ìwé ìròyìn ìgbà náà jọ Bond.

Nílé ńkọ́? Ọdún 1989 yẹn náà ni ìjọba Babangida fi Decree 48 dá NDLEA sílẹ̀. Ṣáájú rẹ̀, ayé Buhari, Decree 20 ti 1984 wà, wọ́n sì yìnbọn pa àwọn kan ní 1985 nítorí oògùn olóró, ariwo rẹ̀ sì gba gbogbo ilé. Nítorí náà, nígbà tí a rí kásẹ́ẹ̀tì yìí, ọ̀rọ̀ kokéènì kì í ṣe àlọ́ létí wa. Bond tó ń wá bọ́ǹbù abẹ́ òkun, ìyẹn gan-an ni àlọ́.

Ẹ tún wo Ààrẹ Isthmus. Sanchez ló ń san owó fún un. Owó náà dínkù lọ́jọ́ kan, ó ṣàròyé. Sanchez ní ó dákẹ́ jù nígbà tí wọ́n mú òun. Àwa tí a mọ ìjọba ológun rẹ́rìn-ín níbẹ̀, ẹ̀rín tí kò dé inú. Pedro Armendáriz kékeré ló ṣe Ààrẹ náà. Bàbá rẹ̀, tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, ti bá Bond ṣiṣẹ́ rí nínú From Russia with Love ní 1963.

AlàgbàKékeré

Kí ló dé tí ẹ ò mẹ́nu ba wòlíì? Gbogbo yín ń ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Fún ẹni tí kò rántí: wòlíì kan wà lórí tẹlifíṣọ̀n nínú fíìmù náà, Joe Butcher, èyí tí Wayne Newton ṣe, olórin Las Vegas. Ó ń wọ aṣọ funfun, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń bẹ àwọn olùwòran pé kí wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ owó sí iṣẹ́ òun. Iye tó ní òun ń fojú sọ́nà fún, òun ni iye tí Sanchez ń ta kokéènì lọ́jọ́ yẹn. Àwọn tó ń pè láti ìlú kan sí èkejì ní Amẹ́ríkà láti jẹ́jẹ̀ẹ́, oníbàárà ni wọ́n, ọjà ni wọ́n ń rà. Abẹ́ ilé àdúrà rẹ̀ ni wọ́n ti ń po kokéènì mọ́ bẹntiróòlù, kí wọ́n lè fi táńkà gbé e kọjá. Ilé náà wà lóòótọ́ ní Mexico, ibi ìpéjọ àṣà àwọn ẹ̀yà Otomi ni.

Ní 1989, àwọn tó ń ṣe lámèyítọ́ ní àsọdùn ni. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni o, mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ dá ibẹ̀ dúró díẹ̀ kí ẹ wo ojú àwọn ọmọ yín.

Àkítọ̀KìíKú

Haà, Alàgbà! Mo jọ̀wọ́ ibẹ̀ fún yín.

Oníṣẹ́ẹ̀rọ Sábó

Ọ̀rọ̀ kásẹ́ẹ̀tì ni mo bá wá. ỌmọÒkèFíà, má fi sẹ́rọ lónìí o! Gbé e sí ìmọ́lẹ̀, kí o wo ojú kékeré tó ní lára. Bí o bá rí funfun-funfun lórí téèpù tí wọ́n ká, ó ti bu nìyẹn. Bí o bá fi sẹ́rọ, bíbu yẹn á lẹ̀ mọ́ orí ẹ̀rọ, gbogbo kásẹ́ẹ̀tì tó o bá fi sí i lẹ́yìn rẹ̀ ló máa kó o. Bó bá mọ́, ká a síwájú dópin, ká a padà sẹ́yìn, kí téèpù lè tú kúrò lára ara wọn, kó o tó tẹ̀ ẹ́. Orí ẹ̀rọ, aṣọ tí kì í já fọ́nrán àti sípíríìtì ni kó o fi nù ún, jẹ́jẹ́, kí ọwọ́ rẹ má gòkè sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀.

Bí ìbátan kan bá rà á wá láti Amẹ́ríkà, NTSC ni, ìlànà fídíò tiwọn lọ́hùn-ún. Ẹ̀rọ tó jẹ́ PAL nìkan, ìlànà tiwa, bíi ti ọ̀pọ̀ ilé níbí, á fi àwòrán tó ń yí tàbí tí kò láwọ̀ hàn ọ́. Ti London kò ní wàhálà yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi. Bó tiẹ̀ ṣiṣẹ́, ẹ má fi kásẹ́ẹ̀tì wò ó. Fíìmù yìí fẹ̀ púpọ̀: fífẹ̀ àwòrán rẹ̀ ju ìlọ́po méjì gíga rẹ̀ lọ. Tẹlifíṣọ̀n ìgbà yẹn, 4 sí 3 ni. Kí àwòrán lè kún ojú tẹlifíṣọ̀n, ńṣe ni wọ́n gé ẹ̀gbẹ́ kan dànù, nígbà mìíràn wọ́n gé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ ṣírò rẹ̀: ohun tí wọ́n gé sọnù lé ní ìdá méjì nínú márùn-ún. Ẹni tó bá sì wo èyí tí wọ́n kọ láti ara èyí tí wọ́n kọ, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, ohùn rẹ̀ ti wúgbó.

Nítorí náà, àwọn tó ní fíìmù yìí dà bí ti tẹlifíṣọ̀n (Àkítọ̀KìíKú, ìwọ ni mò ń wò), ohun tí a fi tẹlifíṣọ̀n gé ni wọ́n wò. Fíìmù náà gan-an, ọ̀pọ̀ nínú wa ò tíì rí i.

Ibi tí èyí ti dun mí jù ni ìjà táńkà níparí. Ní La Rumorosa ni wọ́n ti ṣe é, òkè kan ní àríwá Mexico, ojú ọ̀nà tí wọ́n ti pa tì nítorí ìjàǹbá. Àwọn táńkà Kenworth ni wọ́n kó wá. Rémy Julienne, ará Faransé tó ń fi ọkọ̀ dárà, gbé ọ̀kan dúró lórí táyà ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń lọ ní ìdagun, kí rọ́kẹ́ẹ̀tì lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹnikẹ́ni tó bá ti wà lẹ́yìn táńkà lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán, tó sì ń gbàdúrà pé kí ó má yẹ̀ sí òun lára, mọ ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe. Lórí kásẹ́ẹ̀tì, táńkà ni a rí, a ò rí ọ̀gbun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Èyí tí wọ́n ti tún fọ̀ ni kẹ́ ẹ wò, bulúréè tàbí èyí tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí dúdú bá wà lókè àti nísàlẹ̀ ojú tẹlifíṣọ̀n, ẹ má tẹ bọ́tìnì tó ń fà á kún o. Ẹ óò tún gé e ni.

ỌmọÒkèFíà

Ẹ̀gbọ́n, mo ti gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Ó ti bu.

Oníṣẹ́ẹ̀rọ Sábó

Fi sínú ọ̀rá, kó o so ó, má jẹ́ kó sún mọ́ àwọn tó kù. Bí fídíò ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú bá wà nínú àpótí yẹn, àwọn yẹn ni kó o sáré gbé wá kí n kọ wọ́n sínú kọ̀ǹpútà. Bond wà níbi gbogbo. Ohùn bàbá rẹ kò sí níbòmíràn.

TẹnísíBọ́ọ̀lù

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Èmi ò tíì dáyé ní 1989. Ìjíròrò yìí ló mú mi wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó fẹ̀ náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè kí n sọ tèmi.

Mo ń retí kí Bond yìnbọn kó sì parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó yìnbọn sí Sanchez lẹ́ẹ̀kan, kò bá a, wọ́n mú un. Lẹ́yìn ìyẹn, Sanchez fúnra rẹ̀ gbé e wọlé, ó tọ́jú rẹ̀, ó rò pé ọ̀rẹ́ ni. Bond wá jókòó sínú ilé ọkùnrin náà, ó ń sọ ọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́ sí i létí pé àwọn èèyàn rẹ̀ ń dalẹ̀ rẹ̀. Ó lọ kó owó Sanchez sínú ọkọ̀ ojú omi Krest, ọ̀kan nínú àwọn èèyàn Sanchez, kí wọ́n lè bá a níbẹ̀. Ẹ ti sọ bí Krest ṣe kú: nínú yàrá afẹ́fẹ́ yẹn ni. Bond kò fọwọ́ kàn án. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani, Bond kàn lọ jí ikú ilé ni.

Sanchez náà ló jẹ́ kó ṣeé ṣe. Ó ní ju owó lọ, òtítọ́ àárín ọ̀rẹ́ lòun mọyì. Robert Davi tó ṣe Sanchez sọ ọ́ débi pé mo gbà á gbọ́. Òun náà gbà pé ẹni bá da ilẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ, ó sì ń fìyà rẹ̀ jẹ àwọn tí kò dalẹ̀, títí kò fi sí ẹnikẹ́ni mọ́ láyìíká rẹ̀ ju ẹni tó dalẹ̀ gan-an. Kò tíì sí Bọ́ọ̀sì kan nínú ti Craig tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ ńkọ́? Benicio del Toro! Mi ò mọ̀ pé ó ti ń ṣe fíìmù nígbà yẹn.

Gbogbo ohun tí wọ́n yìn Casino Royale fún ní 2006, Bond tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tó ń ṣe àṣìṣe, tí kì í gbọ́ ti ọ̀gá, mo rí wọn níbí. Ọdún 17 ló fi ṣáájú.

Bàbá Fídíò

Ọmọ dáadáa. Ẹ gbọ́ ohun tó jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀: Dalton padà sídìí ìwé Ian Fleming ni, ó ní Bond inú ìwé ni òun fẹ́ ṣe, ọkùnrin tí iṣẹ́ rẹ̀ ti sú. Ẹja ṣáàkì tó jẹ Felix, inú ìwé Live and Let Die ló ti wá. Nígbà tí wọ́n sọ ìwé yẹn di fíìmù ní 1973, wọ́n fò ó. David Hedison tó ṣe Felix ní 1973 náà ni wọ́n padà pè ní 1989, ó wá jẹ ìyà tí wọ́n yẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ nígbà yẹn. Krest pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, inú ìtàn kúkúrú Fleming kan ni wọ́n ti yọ ọ́.

Àwọn tó ní Dalton ba Bond jẹ́ kò ka Bond rí.

Má gbàgbé Q náà, ẹni tó ń ṣe nǹkan ìjà fún Bond. Desmond Llewelyn tó ṣe é máa ń wọlé, á fún Bond ní nǹkan ìjà, á bínú, á jáde. Nínú èyí nìkan ló ti gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, tó wá bá Bond lókè òkun láìgbàṣẹ, pẹ̀lú ọṣẹ ìfọyín tó ń bú gbàmù nínú báàgì. Ó ń wa ọkọ̀ fún un, ó ń ṣọ́ ọ̀nà fún un. Àgbà tó yẹ kó ti wà nílé, ó jáde nítorí ọmọ. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ ju gbogbo ìbọn lọ.

Àkítọ̀KìíKú

Mo ti ń wò ó lọ́wọ́, èyí tó fẹ̀. Ọ̀gbun wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹja yẹn ṣì ń ṣẹ́jú.

ỌmọÒkèFíà

Ẹ ṣé púpọ̀. Licence to Kill nìkan ni a máa wò. The Living Daylights á di ti oṣù tó ń bọ̀, kí Àkítọ̀KìíKú wá gbé e wá fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ kéékèèké á lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Àlékúwodò. Ó ku nǹkan kan: àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń dìde bí Bọ́ọ̀sì bá ti kú. Ṣé nǹkan wà lẹ́yìn ibẹ̀?

Ìyá Ìbejì

Sanchez kò kú báyẹn o, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n jókòó. Bẹntiróòlù ti da sí i lára, àdá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti gòkè lé Bond. Bond bi í bóyá kò fẹ́ mọ ìdí rẹ̀. Ó wá yọ láítà tí Felix àti ìyàwó rẹ̀ fi ta á lọ́rẹ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ rí láítà yẹn dáadáa níbẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fún un. Bí wọ́n bá ń wo fóònù nígbà yẹn, òpin ò ní yé wọn.

Lẹ́yìn náà, ẹ má pa á nígbà tí orúkọ bá ń gòkè. Orin If You Asked Me To máa wọlé. Gbogbo ilé ló máa ní Celine Dion nìyẹn, wọn á máa bá a kọ ọ́, torí tirẹ̀ ni rédíò wa ń lù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn dáadáa, kí wọ́n ta tẹ́tẹ́ ìgò mínírà sí i. 1992 ni ti Celine jáde. Patti LaBelle ló kọ́kọ́ kọ ọ́, fún fíìmù yìí, orúkọ rẹ̀ sì máa kọjá lójú tẹlifíṣọ̀n. Ẹ kó mínírà yín.